Ibo Ni Ooru Yìí Máa Gbà Jáde?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ṣùgbọ́n tí ẹ kò sí ní ẹ̀ka mẹkáníkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa iná mànàmáná, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ilé, ọ̀nà àti afárá, ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀rọ oko. Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n máa ń fi kún iṣẹ́ yín, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti nípa ohun tó ń ṣàn. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ nípa rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kí n ṣáà ti yege."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Iná mànàmáná ni mo kọ́. Mo kọ́ àwọn fọ́múlà ooru sórí, mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo sì ti gbàgbé wọn kí n tó délé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi padà sídìí wọn.

Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín gbé iṣẹ́ fún mi. Ó fẹ́ kí n fi ínfátà sílé òun. Mo wá ibi tí kò ní gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́, mo rí yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí. Mítà méjì ní gígùn, mítà méjì ní ìbú, mítà méjì àbọ̀ ní gíga. Kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì pa dáadáa. Inú mi dùn sí i: eruku kò ní wọlé, ọwọ́ ọmọdé kò ní tó wáyà. Mo to bátìrì mẹ́rin sílẹ̀, mo kan ínfátà mọ́ ògiri, mo so wáyà rẹ̀ gún régé débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́.

Bátìrì tí mo ṣèlérí pé á lo ọdún mẹ́rin, kò lo ọdún kan àbọ̀ tí ikùn gbogbo wọn fi wú. Ìyá náà kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹnjiníà, ọmọ mi, yàrá yìí ò mí. Ibo lo fẹ́ kí ooru yìí gbà jáde?"

Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá yìí ti fi ń to fírísà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì jẹ́ gbé ọ̀kan lẹ ògiri rí. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé fírísà kì í ṣe òtútù fún ẹja. Ooru ara ẹja ló ń fà jáde, á dà á sẹ́yìn ara rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù á wá gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí fíríìjì sílẹ̀ pé kí yàrá tutù fi ń fi iná ṣòfò: bó ṣe ń fa ooru níwájú náà ló ń dà á sílẹ̀ lẹ́yìn, tòun ti ooru mọ́tò rẹ̀. Ìyá náà kò ka èyí nínú ìwé kankan. Èmi kà á, mi ò sì mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yàrá yẹn. Ẹni tó ní bírò lọ́wọ́, kó máa kọ ọ́. Kò sí ínfátà tó máa gba iná lára bátìrì tí yóò sì fi gbogbo rẹ̀ jíṣẹ́. Bó bá ń gbé wáàtì 3,000 jáde fún wa, nǹkan bíi 300 á kù sí i lára. Wáàtì 300 yẹn kò ṣègbé o. Ó ti di ooru. Òfin kìíní nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé agbára kì í kú, ìrísí ló máa ń yí padà. James Joule, ọmọ ìdílé tó ń pọn bíà lágbègbè Manchester, ló fi èyí han gbogbo ayé láàárín ọdún 1840 sí 1850: ó so ohun tó wúwo mọ́ okùn, bí ohun náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yí àjẹ̀ kan nínú omi, omi náà sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pe júùlù títí dòní.

Ó yá, yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Mítà méjì lọ́nà méjì, lọ́nà méjì àbọ̀, kúbíìkì mítà 10 ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 12. Kí kílò afẹ́fẹ́ kan tó fi dígírì kan gbóná sí i, ó ń gba nǹkan bíi júùlù 1,000. Afẹ́fẹ́ yàrá náà lápapọ̀, júùlù 12,000. Wáàtì 300 sì túmọ̀ sí júùlù 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín 12,000 sí ọ̀nà 300: ìṣẹ́jú àáyá 40. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40 péré, dígírì kan ti gorí rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dígírì 15. Òótọ́ ni pé ògiri, àjà àti ilẹ̀ máa ń gbà nínú rẹ̀, àwọn ni kò jẹ́ kí yàrá náà di ààrò. Ṣùgbọ́n ògiri náà á yó tó bá yá. Nígbà tí mo gbé ohun tí a fi ń wọn ìgbóná síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, dígírì 47 ló kà, níta sì jẹ́ 32. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì olómi kíkan mọ òfin kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n: bí ìgbóná bá fi dígírì 10 kọjá 25, ọjọ́ ayé bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ wo 47. Èmi fúnra mi ni mo gé ẹ̀mí wọn kúrú.

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ooru yàtọ̀ sí ìwọ̀n ìgbóná. Ẹ wo ẹta iná tó ń ta láti ibi tí wẹ́dà ti ń jó irin. Ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ ju dígírì 1,000 lọ, síbẹ̀ ó lè bà lé ọwọ́ kó sì kú láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tó le. Omi híhó inú ìkòkò kò ju dígírì 100 lọ, àmọ́ bó bá dà síni lára, ilé ìwòsàn ni. Ìwọ̀n ìgbóná ń sọ bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ooru ń sọ iye ẹrù tó rù. Omi jẹ́ alágbára nídìí ẹrù yìí. Ká ní omi ló kún yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn dípò afẹ́fẹ́, wáàtì 300 kan náà á gba ohun tó ju wákàtí 38 lọ kó tó fi dígírì kan kún un. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ kan àbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà ni omi fi wà nínú rédíétọ̀ ọkọ̀, nítorí náà sì ni òkun kì í jẹ́ kí Èkó gbóná lọ́sàn-án kó sì tutù lóru bí ìlú tó jìnnà sí omi.

Mo padà lọ ṣàtúnṣe. Mo gbé ẹ̀rọ ìlugi, mo lu ihò mẹ́jọ sí ilẹ̀kùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Mo rò pé ìyẹn ti tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún wọ̀n ọ́n: dígírì 45. Mo ti dá ọ̀nà fún ooru, kò gba ibẹ̀.

Ibí ni ìdajì kejì ẹ̀kọ́ náà ti wọlé, ẹ̀kọ́ ohun tó ń ṣàn. Afẹ́fẹ́ ń ṣàn bí omi ti ń ṣàn, òfin kan náà ló sì de àwọn méjèèjì. Ooru kì í dédé rìn jáde nínú yàrá, ó fẹ́ ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n. Kí afẹ́fẹ́ tó lè ru wáàtì 300 jáde láìfi ju dígírì márùn-ún gbóná sí i, lítà 50 gbọ́dọ̀ máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Garawa ńlá méjì nìyẹn, tó ń wọlé tó sì ń jáde kí o tó sọ pé "ọ̀kan". Ihò oníka mẹ́jọ kò lè gba èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́lé fáwọn èèyàn, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹ ti rí ilé tí omi ń kán tó-tó-tó ní ilé ìwẹ̀ òkè, tí onílé wá lọ ra tánkì tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó gbé. Títóbi tánkì kọ́ ló ń ti omi, gíga rẹ̀ ni. Tánkì lítà 500 àti tánkì lítà 5,000, bí omi inú wọn bá jọ ga bákan náà, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ti omi ẹnu ẹ̀rọ. Mítà 10 gíga sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí òfuurufú tó wà lórí wa ṣe ń tẹ̀ wá. Lẹ́yìn gíga, páìpù ló kàn, owó páìpù sì ni àwọn èèyàn máa ń dín. Bí o bá fi páìpù ààbọ̀ ínǹṣì sí ibi tó yẹ kí ínǹṣì kan wà, ìdajì omi kọ́ ni wàá rí. Ojú ihò rẹ̀ ti dín sí ìdá mẹ́rin, ara ògiri páìpù sì tún ń fa omi sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó máa kù kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, omi náà á dán bí ìgò, bí ẹni pé kò rìn. Ẹ ṣí i sí i, á ṣàdédé máa rú, á máa lọ́ mọ́ra. Lọ́dún 1883 ni Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Manchester, da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú páìpù onígíláàsì, tó sì ṣàlàyé ìgbà tí ìṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń di ìṣàn onírúkèrúdò. Rúkèrúdò yẹn ń jẹ agbára nínú páìpù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ká gbé ooru kúrò lára nǹkan gbígbóná, ọ̀rẹ́ wa ni, nítorí ó ń gbé omi tútù wá kan ara ohun náà léraléra. Ẹni tó ń fi ṣíbí ro ògì gbígbóná kí ọmọ tó mu ún mọ èyí.

Ẹ̀yin ará mi oníná mànàmáná, ẹ lọ wo tiransifọ́mà àdúgbò yín, kí ẹ dúró lókèèrè o. Tiransifọ́mà 500 kVA tó dára, bó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, á máa sọ nǹkan bíi wáàtì 5,000 di ooru, bíi ká tan áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ márùn-ún sínú àpótí irin kan. Kò sì ní fáànù. Epo inú rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Epo tó bá kan wáyà gbígbóná á fúyẹ́, á gòkè, á gba inú àwọn apá irin ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn á gba ooru lára rẹ̀, á wúwo, á tún padà sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tì í. Ooru tó yẹ kó ba ẹ̀rọ jẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń yí epo náà ká. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́, mi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó o. Nítorí náà ló ṣe máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá gbọ́ pé olè fa epo tiransifọ́mà lọ. Epo lásán lójú wọn, àmọ́ òun ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹni tó ń ru ooru jáde lọ, odidi àdúgbò á wá wọ òkùnkùn.

Kọnkéré ńkọ́? Símẹ́ńtì kì í kàn gbẹ bí aṣọ ti ń gbẹ. Bó bá ti pàdé omi, wọ́n ń para pọ̀ di ohun mìíràn, ooru sì ń jáde. Nínú ògiri tín-ín-rín, kò sí wàhálà. Nínú kọnkéré tó nípọn, ooru àárín kò rí ọ̀nà, nítorí bí nǹkan bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí ooru fi ń jáde lára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Àárín á wú, ara ìta á ti tutù, kọnkéré á sì là. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù Hoover lórí odò Colorado ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1933 sí 1935 ni wọ́n fi da kọnkéré rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ti ṣírò pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á gbà tó ọdún 125 kó tó tutù tán. Ni wọ́n bá dà á ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì tẹ́ páìpù irin sínú rẹ̀ tí gígùn gbogbo rẹ̀ ju máìlì 580 lọ, ó ju ti Èkó sí Àbújá lọ, wọ́n ń fi omi tútù gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tó kọ́ dáàmù ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, ìbéèrè ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n sì ń dáhùn.

Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, tiyín ò pẹ́. Iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń di ooru. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ wáàtì 100, wáàtì 100 ló ń fi mú yàrá gbóná, yálà ìṣirò ńlá lo fi ṣe tàbí fíìmù lo fi wò. Fóònù tó ń fà lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn mọ̀ọ́mọ̀ dín eré rẹ̀ kù ni, kó má baà jó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè nígbà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí gbogbo ooru yìí kò bá ṣègbé, kí ló dé tí a kò fi kó o padà, ká tún sọ ọ́ di iná?" Ìbéèrè gidi ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan sì ti dáhùn rẹ̀ lọ́dún 1824. Sadi Carnot lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ológun ni, ọmọ ọdún 28. Ó fi ooru wé omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Omi tó wà lójú kan kò lè yí ẹ̀rọ, àfi kó ti ibi gíga já sí ìsàlẹ̀. Ooru náà nìyẹn: ó gbọ́dọ̀ ti ibi gbígbóná lọ sí ibi tútù, bí ìgbóná ibi méjèèjì bá sì ṣe jìnnà síra wọn tó ni èrè rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi 273 kún dígírì yín, kí ẹ tó ṣírò. Kọ̀ǹpútà tó gbóná dé 60 nínú yàrá tó wà ní 30: 333 àti 303. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 30, ẹ pín in sí ọ̀nà 333, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá tí yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé wa, pẹ̀lú agbára tó tó yúnìtì mẹ́sàn-án nínú lítà epo kan, fi ṣòro fún láti fún wa ní méjì. Ìdí nìyẹn náà tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, fi jókòó sétí ọ̀sà lágbègbè Ìkòròdú. Gáàsì ń se omi di oru omi gbígbóná, oru omi náà ń yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà sì ni ìsàlẹ̀ tútù tí ooru ń já sí.

Mo padà sílé ìyá náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bu omi fún mi mu láti inú àmù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi náà tutù, kò sì sí iná. Amọ̀ ní ojú wínníwínní, omi ń rin jáde lára rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Bí omi tó kún ife tíì kékeré kan péré bá gbẹ kúrò lára àmù tí lítà mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, ooru tó gbé lọ á tó láti fi mú ìyókù tutù ní dígírì márùn-ún ó lé. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, á tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ àárín òjò, tí òfuurufú ti mu omi yó, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ìdílé amọ̀kòkò ní àríwá Nàìjíríà, gbé ìkòkò kan sínú ìkòkò mìíràn, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ikàn tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ní Jigawa tó gbẹ ló ti ṣe é, ó sì bá ibẹ̀ mu. Ẹni tó bá gbé e wá sí Èkó lóṣù kẹfà láìronú, á rí ìjákulẹ̀, nítorí òfuurufú tibí yàtọ̀.

A mu omi tán, mo bá gbé irinṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò lu ihò oníka. Mo gé ojú ńlá kan sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo gé òmíràn sí òkè ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀. Mo fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ tóbi sí i, kí eku má wọlé, kí atẹ́gùn sì lè kọjá. Mo gbé bátìrì tuntun síhà ìsàlẹ̀ níbi tó tutù, mo gbé ínfátà sókè. Mi ò fi fáànù kankan sí i. Ìyá náà tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ojú ìsàlẹ̀ náà, àwa méjèèjì sì lóṣòó tì í.

Èéfín náà kọ́kọ́ gòkè gbọnrangandan. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, bí ínfátà ti ń gbóná, èéfín náà tẹ orí rẹ̀ ba, ó yí sínú yàrá, ó ń rá wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Ìyá náà dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì ògiri: "Ẹnjiníà! Ó ti ń jáde níbí o!"